Ta ni ọ̀gá nínú àwọn point guard? Ẹ wo ẹni tó kọ ìwé kí ẹ tó dájọ́

Ọ̀rọ̀ tí admin sọ ní ohùn márùn-ún nìyí. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ariwo ọjà kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Ohùn kìíní

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, gbogbo ọmọ Yorùbá tí òwò gbé wá sí Ushafa àti agbègbè Bwari, ẹ gbọ́ o. Admin yín ni o. Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀, mo ti pín in sí márùn-ún kí ó má baà jẹ dátà yín lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Láti ọjọ́ Àìkú ni àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń fa ọ̀rọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì nínú gúrúùpù yìí. Ẹnìkan ní Stephen Curry ni point guard tó dára jù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbá a. Èkejì ní irọ́ ni, Magic Johnson ni. Ẹ̀kẹta gbé John Stockton wá pẹ̀lú nọ́ńbà gbọọrọ. Ẹ̀kẹrin ní gbogbo wọn ò tó Oscar Robertson. Wọ́n bú ara wọn débi pé ẹnìkan jáde kúrò nínú gúrúùpù, ẹni tó sì jáde yẹn jẹ ẹlòmíràn ní owó ọjà, ẹ ẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ti fẹ́ di ọ̀rọ̀ gbèsè.

Mo fẹ́ kí á tẹ̀ lé ìtàn eré yìí díẹ̀díẹ̀, nítorí àríyànjiyàn láìsí ìtàn, ariwo lásán ni.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ò mọ eré náà, ẹ gbọ́. Básíkẹ́ẹ̀tì ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù sínú àwọ̀n tó wà lókè. Ènìyàn márùn-ún ló ń wà lórí pápá ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Point guard ni ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù wá láti ẹ̀yìn, tó ń pinnu ẹni tí yóò fún. Ẹ fi í wé ìyá olórí ọjà tí tírélà já iṣu sílẹ̀ fún. Òun ló mọ ẹni tí ọjà ń yá lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló mọ ẹni tí kọ́sítọ́mà ń dúró dè, òun ló mọ ẹni tí a gbọ́dọ̀ fún ní díẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ má baà rẹ̀wẹ̀sì. Bó bá pín in dáadáa, gbogbo ìsọ̀ á tà. Bó bá pín in burúkú, iṣu á jẹrà sílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣu gidi ni.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé, báwo ni ẹ ṣe máa wọn iṣẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Owó tó wọlé, àpò ẹlòmíràn ló wọ̀. Ibí ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ohùn kejì

Eré yìí kò tíì dàgbà púpọ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 1891 ni James Naismith dá a sílẹ̀ ní ìlú Springfield ní Amẹ́ríkà. Agbọ̀n tí wọ́n ń kó èso sí ló kàn mọ́ òkè, ìdí nìyẹn tí orúkọ agbọ̀n fi mọ́ eré náà lára títí dòní.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ayé mọ̀ dáadáa nídìí iṣẹ́ pínpín bọ́ọ̀lù ni Bob Cousy ti ẹgbẹ́ Boston Celtics. Wọ́n ní ohun kan tí wọ́n ń kà, wọ́n ń pè é ní assist: kí o fún ẹnìkan ní bọ́ọ̀lù, kí ẹni náà sì jù ú wọlé. Sáà mẹ́jọ léraléra, láti 1952 títí wọ 1960, Cousy ló ṣe é jù ní NBA. Ó gba ife ẹ̀yẹ 6, wọ́n sì fi í ṣe òṣèré tó dára jù lọ ní 1957. Ní àsìkò tirẹ̀ náà ni òfin ìṣẹ́jú-àáyá 24 wọlé, ní 1954. Kí òfin yẹn tó dé, ẹgbẹ́ tó bá ti ń ṣíwájú lè di bọ́ọ̀lù mú kí wọ́n máa fi ṣeré títí eré á fi parí. Lẹ́yìn òfin náà, dandan ni kí o jù ú kí ìṣẹ́jú-àáyá 24 tó pé. Ọjà wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí kíákíá.

Lẹ́yìn Cousy ni Oscar Robertson dé. Ní sáà 1961 sí 1962, tí a bá pín iṣẹ́ rẹ̀ lórí eré kọ̀ọ̀kan, ó ń gba pọ́ìntì 30.8, ó ń gba bọ́ọ̀lù tó ta padà 12.5, ó sì ń fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní assist 11.4. Ọdún 55 kọjá kí ẹlòmíràn tó ṣe irú rẹ̀ fún odindi sáà, ìyẹn Russell Westbrook ní 2017.

Ọmọ wa tó ń jà fún Oscar, nọ́ńbà yẹn lo mú wá, ó sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí. Ní ìgbà Oscar, ẹgbẹ́ kan ń ju bọ́ọ̀lù sí àwọ̀n ju ìgbà 100 lọ nínú eré kan. Eré ìsinsìnyí kò tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá jù ú púpọ̀, ó máa ta padà púpọ̀, ẹni tó bá wà nítòsí á kó o púpọ̀. Ẹni tó ta àpò ìrẹsì 100 lọ́jọ́ ọdún, àti ẹni tó ta 80 ní àárín oṣù tí owó wọ́n, ta ni ọ̀gá? Ẹ ò lè dáhùn tí ẹ ò bá béèrè ọjọ́ tí wọ́n tà á.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Gbígba bọ́ọ̀lù mọ́ alátakò lọ́wọ́ jẹ́ iṣẹ́ ńlá fún point guard. Ìgbà wo ni NBA bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú ìwé? Sáà 1973 sí 1974. Sáà yẹn gan-an ni Oscar fi ṣíwọ́ eré. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bọ́ọ̀lù tí Cousy gbà lọ́wọ́ ènìyàn ní gbogbo ayé rẹ̀, òfo ni nínú ìwé. Ti Oscar, sáà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ṣé wọn kò gbà á ni? Wọ́n gbà á o! Akọ̀wé ni kò kọ ọ́.

Ìlà pọ́ìntì mẹ́ta náà ńkọ́? Sáà 1979 sí 1980 ni NBA fà á sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi pọ́ìntì mẹ́ta Curry na Oscar, ìlà ọ̀hún kò sí nílẹ̀ nígbà tí ọkùnrin náà ń ṣeré. Ṣé ẹ máa bá baba yín jà pé kò ní POS ní ọdún 1970?

Ohùn kẹta

Yorùbá ní iṣẹ́ tí a rán ni là ń jẹ́. Ẹ jẹ́ kí á wo iṣẹ́ tí wọ́n rán ẹnìkọ̀ọ̀kan.

Magic Johnson dé Los Angeles Lakers ní 1979, ọdún kan náà tí ìlà pọ́ìntì mẹ́ta dé. Gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íńṣì mẹ́sàn-án, ẹni tó ga tó bẹ́ẹ̀ kì í gbé bọ́ọ̀lù wá láti ẹ̀yìn tẹ́lẹ̀, abẹ́ àwọ̀n ni wọ́n máa ń fi wọ́n sí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1980, eré kẹfà nínú ìdíje àṣekágbá, Kareem Abdul-Jabbar tí í ṣe òpó ẹgbẹ́ náà fi ẹsẹ̀ ṣèṣe, kò tilẹ̀ bá wọn lọ sí Philadelphia. Magic, ọmọ ogún ọdún, bọ́ sí ipò Kareem. Pọ́ìntì 42, bọ́ọ̀lù tó ta padà 15, assist 7. Wọ́n gba ife. Ẹ wá gbọ́ o: ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ni kò rí eré yẹn bó ṣe ń lọ. Àwọn CBS gbé e pamọ́ di òru kí wọ́n tó fi í hàn ní ọ̀pọ̀ ìlú. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n gbà á sílẹ̀ ni, ìtàn àròsọ ni à bá máa pè é lónìí. Ó gba ife 5, ó gba àmì ẹ̀yẹ òṣèré tó dára jù lọ ní 1987, 1989 àti 1990. Oṣù Kọkànlá ọdún 1991 ló jáde sọ fún ayé pé òun ní kòkòrò HIV, ó sì fi eré sílẹ̀. Nítorí náà ni àpapọ̀ nọ́ńbà rẹ̀ kò fi tó ti Stockton.

John Stockton, iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Sáà 19 ló fi ṣeré, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, Utah Jazz. Assist 15,806. Bọ́ọ̀lù tó gbà lọ́wọ́ alátakò 3,265. Kò tíì sí ẹni tó bá méjèèjì. Ní gbogbo ọdún 19 yẹn, eré 22 péré ni kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹni tó ń ṣí ìsọ̀ lójoojúmọ́, òjò ni, ẹ̀ẹ̀rùn ni, àárẹ̀ ni, ẹni náà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Òun àti Karl Malone jọ wà fún sáà 18. Wọ́n dé àṣekágbá ní 1997 àti 1998, Chicago Bulls ti Michael Jordan sì nà wọ́n lẹ́ẹ̀mejèèjì. Kò ní ife kankan. Ṣé àìní ife sọ ọ́ di aláìmọṣẹ́? Rárá. Ẹni tó bá gbé ìsọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Dangote, èrè rẹ̀ lè kéré láìjẹ́ pé ó yọ̀lẹ.

Isiah Thomas ti Detroit kò ga, ṣùgbọ́n ó gba ife 1989 àti 1990 láàárín Magic àti Jordan. Ní 1988, ó yí ọrùn ẹsẹ̀ ní àṣekágbá, ó sì fi ẹsẹ̀ tó ń ro yẹn gba pọ́ìntì 25 ní ìdámẹ́rin eré kan ṣoṣo. Steve Nash, tí wọ́n bí sí Johannesburg níhìn-ín ní Áfíríkà kí òbí rẹ̀ tó kó lọ sí Kánádà, gba àmì òṣèré tó dára jù lọ ní 2005 àti 2006, òun náà kò gba ife rí.

Curry wá dé, ó yí ọjà padà. Tẹ́lẹ̀, bí point guard bá ń jù ú láti òkèèrè, olùkọ́ á pariwo mọ́ ọn. Ní sáà 2015 sí 2016, Curry ju pọ́ìntì mẹ́ta 402 wọlé. Gbogbo ẹni tó ń dìbò fún òṣèré tó dára jù lọ lọ́dún yẹn ló dìbò fún un, kò sẹ́ni tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún rí. Ife 4 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: 2015, 2017, 2018, 2022. Ohun tí ẹ̀yin tí ẹ ń ka nọ́ńbà kì í rí ni pé nígbà tí kò tilẹ̀ ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ènìyàn méjì ń sá tẹ̀ lé e. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á wá wà ní òun nìkan, á ju tirẹ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́. Iṣẹ́ pínpín ni ìyẹn náà, ṣùgbọ́n kò sí ojú ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Curry kò fún un ní bọ́ọ̀lù, àyè ló fún un.

Ohùn kẹrin

Mo ti dé ibi tí mo ń lọ. Nígbà tí ìjà ń lọ lọ́wọ́, ìyá wa tó ń ta èlùbọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ezinne Kalu ńkọ́?" Ẹ̀rín ni ẹ fi dá ìyá lóhùn. Ẹnìkan tún fi ohùn ránṣẹ́ pé ọ̀rọ̀ àgbà òṣèré là ń sọ, kí obìnrin fi ẹnu sí i lẹ́yìn. Ìbéèrè ìyá ló mọ́gbọ́n dání jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ọjọ́ Àìkú.

Ọmọ Nàìjíríà tí gbogbo yín mọ̀ ní básíkẹ́ẹ̀tì ni Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, ọmọ Yorùbá. Ní 1984, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú, kí wọ́n tó mú Michael Jordan ní ipò kẹta. Ó gba ife fún Houston ní 1994 àti 1995. Ṣùgbọ́n abẹ́ àwọ̀n ni Hakeem ń ṣeré, kì í ṣe point guard. Ta ló ń fún un ní bọ́ọ̀lù? Kenny Smith àti Sam Cassell. Ní eré kìíní àṣekágbá 1995, Houston fẹ́ pàdánù, Kenny Smith ló ju pọ́ìntì mẹ́ta méje lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀kan nínú wọn ló mú wọn bára dọ́gba. Mélòó nínú yín ló mọ orúkọ rẹ̀ kí n tó pè é? Ẹni tó ń pín ọjà, ẹ̀yìn ló máa ń wà.

Ẹ wo ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin wa, D'Tigers. Ní Olympics London ní 2012, Amẹ́ríkà nà wá 156 sí 73. Pọ́ìntì 83 ni àlàfo náà. Ní 2015 a gba ife Áfíríkà, a na Angola 74 sí 65. Nígbà tó di oṣù Keje 2021, ní Las Vegas, a na Amẹ́ríkà kan náà 90 sí 87 nínú eré ìgbáradì. Gabe Vincent ló gba pọ́ìntì jù fún wa lọ́jọ́ náà, 21. Òun kan náà ló wà ní ipò point guard fún Miami nígbà tí wọ́n dé àṣekágbá NBA ní 2023. Ìtàn iyì ni, mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Olympics Tokyo gan-an, eré mẹ́ta ni wọ́n gbá, mẹ́ta ni wọ́n pàdánù.

Ẹ wá wo àwọn obìnrin, D'Tigress. Wọ́n gba ife Áfíríkà ní 2003 àti 2005. Ti 2005 yẹn, Abuja níbí ni wọ́n ti gbà á. Wọ́n tún gbà á ní 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025. Márùn-ún léraléra! Ní 2018, wọ́n dé ìpele mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní ife àgbáyé, ẹgbẹ́ Áfíríkà kankan kò dé ibẹ̀ rí.

Ezinne Kalu, tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù wá fún ẹgbẹ́ yìí, òun àti Promise Amukamara. Kò ga, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íńṣì mẹ́jọ ni. Ní Olympics Paris ní 2024, a bá Australia pàdé, àwọn tó wà ní ipò kẹta lágbàáyé nígbà náà. Àwọn obìnrin wa nà wọ́n 75 sí 62, Kalu sì gba pọ́ìntì 19. Wọ́n tún na Canada 79 sí 70. Wọ́n dé ìpele mẹ́jọ tó kẹ́yìn, Amẹ́ríkà ló dá wọn dúró níbẹ̀. Kò tíì sí ẹgbẹ́ Áfíríkà, ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin, tó dé ibẹ̀ rí nínú básíkẹ́ẹ̀tì Olympics. Obìnrin ni olùkọ́ wọn náà, Rena Wakama.

Kí ló dé tí orúkọ Kalu kò fi sí lẹ́nu yín? Ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó dáhùn. Ní 2022, wọ́n ti pegedé fún ife àgbáyé ní Sydney. Ìjà lórí ta ni yóò darí àjọ básíkẹ́ẹ̀tì wa kò tán. Ní oṣù Karùn-ún, ìjọba àpapọ̀ yọ Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje àgbáyé fún ọdún méjì. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n yí ìpinnu padà, ṣùgbọ́n àjọ àgbáyé FIBA ti fi Mali rọ́pò wa. Eré tí àwọn ọmọbìnrin yẹn ì bá gbá, assist tí Kalu ì bá fún ènìyàn, òfo ni. Kì í ṣe alátakò ló gbà á lọ́wọ́ wọn, ilé wọn ni. Lọ́la, ẹnìkan á ṣí ìwé, á ní, "Ife àgbáyé 2022, kò sí nǹkan." Á sì fi ìyẹn dá wọn lẹ́jọ́.

Ohùn karùn-ún

Ẹ mú náírà ogún kan jáde nínú àpò yín, ẹ yí i sẹ́yìn. Obìnrin tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀ yẹn ni Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi, ará Kwali níhìn-ín ní FCT wa. Àwọn onílé tí a bá ní Ushafa yìí, Gbagyi kan náà ni wọ́n, ẹ sì mọ̀ pé ìkòkò mímọ jẹ́ iṣẹ́ àwọn ìyá wọn láti ìran dé ìran. Ó ní láti jẹ́ pé ọ̀pọ̀ obìnrin ló mọ iṣẹ́ náà dunjú. Kí ló dé tó fi jẹ́ Ladi Kwali nìkan la mọ̀? Ìkòkò rẹ̀ wà ní ààfin Emir ní Suleja, tí wọ́n ń pè ní Abuja nígbà náà. Òyìnbó kan, Michael Cardew, rí i níbẹ̀, ó sì mú un wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ ní 1954. Wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n yà á ní fọ́tò. Ọ̀gá ni lóòótọ́, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ ń mọ ọ́n, tí òyìnbó kò gba ààfin tiwọn kọjá, ìkòkò wọn ti fọ́, orúkọ wọn sì bá a lọ.

Ohun tí mo ń sọ láti àná nìyẹn. Kí ẹ tó béèrè pé ta ni ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun mẹ́ta. Ìkíní, ta ló kọ ìwé, kí ló sì gbàgbé láti kọ? Ìkejì, ọjọ́ wo ni wọ́n tà á, ṣé ọjọ́ tí ọjà yá ni àbí ọjọ́ tó dá? Ìkẹta, iṣẹ́ wo ni wọ́n rán ẹni náà, kí sì ni àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ dà nítorí rẹ̀? Ìkẹta yìí ló wúwo jù fún point guard, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹlòmíràn jẹun.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí admin náà dájọ́, kí n má sá. Ó dáa. Ti NBA, Magic ni mo fi ṣíwájú. Ìdí ni pé ipò yòówù tí wọ́n bá fi í sí, àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ń dára sí i, a sì rí i pẹ̀lú ẹ̀rí. Curry ló tẹ̀ lé e, nítorí ó yí bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà padà. Oscar ṣìkẹta. Ọ̀kan sí i fún un tí kò sí nínú nọ́ńbà: òun ló gbé orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1970 láti pe NBA lẹ́jọ́, tí ẹjọ́ náà yanjú ní 1976, tí òṣèré fi wá lómìnira láti mú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n á ti san owó tó tọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kúrò nílé wá síbí nítorí ọjà, ẹ mọ iye ìyẹn. Stockton ṣìkẹrin, ẹni tó bá fẹ́ gbé e sókè, mi ò ní bá a jà.

Nínú ìwé tiwa, Ezinne Kalu ni kìíní. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ mú Áfíríkà dé ibi tí kò dé rí, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí, kó mú orúkọ wá, kó mú ọdún wá, kó mú èsì eré wá. Èébú kì í ṣe ẹ̀rí.

Ohun tó kù nìyí, ọwọ́ wa ló wà. Àwọn ọmọ wa ń gbá a ní pápá ilé-ìwé wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin, àwọn míì mọ ọ́n dáadáa. Kò sẹ́ni tó ń kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ìwé ńlá kan kò wọ́n ju owó dátà tí ẹ fi bú ara yín lọ́sẹ̀ yìí. Mo máa ra ọ̀kan. Mo ń wá ẹni méjì tí ọwọ́ ìkọ̀wé wọn mọ́, tí wọ́n á máa lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé: kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́, ẹni tó jù ú wọlé, àti ẹni tó fún un ní bọ́ọ̀lù. Ẹ má gbàgbé èyí tó kẹ́yìn yẹn o. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó fi orúkọ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀ kí ó tó di ọjọ́bọ̀.

Ẹni tó jáde kúrò nínú gúrúùpù, mo ti fi línkì ránṣẹ́ sí i. Ẹni tó jẹ lówó, mo ti fi ìránnilétí ránṣẹ́ sí òun náà. Ire o.